Wáìnì Tí Mò Ń Tu Dànù

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé oríkì ọtí ni mo fẹ́ kì. Inú ń bí mi sí bàbá mi, ó ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń bí mi sí gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ tí kò ní iṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ ọ̀hún ṣe. Bàbá mi ò jẹun nílé mi mọ́. Wọ́n ti dàgbà, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ààwẹ̀ tó kù fún wọn láyé. Ohun tí mo sì ń fẹ́ ò ju pé kí wọ́n wá ṣínu lọ́dọ̀ mi ní Dansoman, ní Accra níbí, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn já ẹja nínú àwo mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Nima, àdúgbò mìíràn ní Accra, ni wá, Alata ni àwọn ará Ghana ń pe àwa Yorùbá. Bàbá bàbá mi ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta abọ́ irin níbẹ̀, bàbá mi tà á lẹ́yìn wọn, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà tà á díẹ̀ kó tó sọ pé ọjà abọ́ ti kú, ló bá lọ ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ má bi mí ìdí tí n kò fi fi "wọ́n" pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán ná. Àwa méjì péré la wà pẹ̀lú bàbá ní Accra. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú, bàbá fi í ṣe àṣà pé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ inú ààwẹ̀, ilé ọmọ làwọn á ti ṣínu: ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ kejì lọ́dọ̀ mi. Èmi nìkan ni mò ń gbé, torí ọkọ mi ti lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Kumasi, kó jókòó síbẹ̀ jàre. Jímọ̀ tí bàbá bá ń bọ̀, ọdún ni nílé mi.

Iṣẹ́ mi ló dá wàhálà sílẹ̀. Òyìnbó Faransé kan ló gbà mí síṣẹ́. Ó ń kó wáìnì, wàràkàṣì àti òróró wọlé láti ìlú wọn, ní èbúté Tema ló ti ń gba ẹrù rẹ̀. Ìdí ìwé ọjà ni mo jókòó sí nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bu wáìnì funfun kan fún gbogbo àwa òṣìṣẹ́, ó ní kí a sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní èmi kì í mu ọtí. Ó ní, "Ta ló ní kó o mu ún? Tọ́ ọ wò, kó o tu ú dànù." Mo tọ́ ọ wò. Mo ní ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀, ó sì ń rùn bí òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó wò mí títí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń mú mi kiri ilé oúnjẹ àti hòtẹ́ẹ̀lì pé kí n máa sọ oúnjẹ tó bá wáìnì kọ̀ọ̀kan mu.

N kò gbé e mì rí o. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni pé garawa kékeré á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Èèyàn á gbóòórùn ife, á fi díẹ̀ yí ẹnu ká, á tu ú sí garawa. Kódà àwọn ọ̀mùtí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n ń tu ú ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á ti yó bìnàkò kí Àlàásárì tó dé. Kì í sì í ṣe òyìnbó ló kọ́ mi ní títu dànù. Màmá mi ni. Nínú ààwẹ̀, bí wọ́n bá ń se ọbẹ̀, wọ́n á fi ṣíbí bu díẹ̀, wọ́n á fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iyọ̀ dá, wọ́n á tu ú sílẹ̀, wọ́n á fomi yọnu. Ó tán. Bàbá mi fúnra wọn, tí wọ́n máa ń kọ́ wa ní kéwú lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló sọ fún wa pé ààwẹ̀ ò bàjẹ́, pé ẹni tó ń dáná fún alááwẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń gbé fún un.

Wáìnì tí mò ń sọ yìí, Muscadet lorúkọ rẹ̀. Ìhà ibi tí odò ńlá kan ti ń wọ òkun nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi gba adùn lára rẹ̀, kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò. Ó kan díẹ̀, kò ní adùn ṣúgà, ó sì fúyẹ́ lẹ́nu. Ọ̀gá mi ní nílùú àwọn, àwọn ẹran inú ìkarahun ni wọ́n ń fi í jẹ, irú èyí tí àwọn obìnrin máa ń wà lẹ́nu odò Densu tí wọ́n ń sun tà. Ó ní ẹja náà bá a mu, wàràkàṣì ewúrẹ́ náà bá a mu. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Accra nìbí. Alásè hòtẹ́ẹ̀lì kan yan ẹja tilapia, ó da ṣítò lé e lórí, ata dúdú olóròóró yẹn, ó sì gbé wáìnì ọ̀hún tì í. Háà! Ata àti wáìnì tó kan, ìjà ni wọ́n ń jà lẹ́nu èèyàn. Bí wáìnì bá ṣe ń wọlé ni ata ń pọ̀ sí i. Àwọn àlejò ń húkọ́, wọ́n ń bèèrè omi tútù, ọ̀gá mi sì dijú bí ẹni tí eyín ń dùn.

Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ata ni ìṣòro wa. Ìṣòro ta ni? Ta ló ránṣẹ́ pè é? Ẹni tó gbé ọtí wá sílùú aláta ni kó wá ọtí tó lè bá ata gbé. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó sì ní i! Òmíràn wà nínú yàrá ẹrù rẹ̀, láti ẹ̀bá odò kan náà, tó ní adùn díẹ̀ lára. Adùn díẹ̀ yẹn ló máa ń pẹ̀tù sí ata. Èyí la wá ń gbé ti wáakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n jọ sè pọ̀ yẹn, àti jọ̀lọ́ọ̀fù. Òun gan-an ló wá ń rojọ́ ẹ̀ kiri báyìí bí ẹni pé òun ló ronú kàn án.

Muscadet ló kù. Mo padà sílé, mo ń rò ó. Ta ni mo mọ̀ tó ń jẹ ẹja láìsí ata? Bàbá mi. Ọgbẹ́ inú ti gba ata lẹ́nu wọn ó pẹ́, màmá mi sì ti wá ọ̀nà tí ẹja á fi dùn fún wọn bẹ́ẹ̀. Ẹja pupa inú òkun ni, wọ́n á fi atalẹ̀, iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti àlùbọ́sà tó pọ̀ ra á lára, wọ́n á yan án lórí èédú, wọ́n á gbé kẹ́ńkè gbígbóná tì í. Àgbàdo tó ti kan ni wọ́n fi ń ṣe kẹ́ńkè. Kíkan tirẹ̀ àti kíkan wáìnì yẹn ń bá ara wọn ṣeré, iyọ̀ ara ẹja á sì mú kí ẹnu ṣe mímọ́. Mo dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan kí ààwẹ̀ tó dé. Mo jẹ ẹja, mo tọ́ wáìnì wò, mo tu ú, mo tún jẹ ẹja, mo bú sẹ́rìn-ín nínú ilé, èmi nìkan. Hòtẹ́ẹ̀lì gbà á. Báyìí ni àwọn èèyàn ńlá ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáìnì òyìnbó jẹ oúnjẹ bàbá mi, wọ́n ń lá ọwọ́, wọ́n ń bèèrè ẹni tó ronú kàn án.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti yà mí. Ọ̀sán gangan, ìbòrí mi wà lórí mi, mo ti imú bọ ife, ẹnìkan gbé fóònù sókè, ó yà mí ní fídíò. Garawa ò sí nínú fídíò o! Títu tí mo tu ú ò sí níbẹ̀. Ìbòrí àti ife nìkan ni. Kí a tó rí oṣù ààwẹ̀, ó ti dé orí fóònù àwọn ará mọ́ṣáláṣí bàbá mi ní Nima, ọ̀kan nínú wọn sì gbé e lọ fi han bàbá lẹ́yìn ìrun. Ọlọ́run ló máa dájọ́ fún un. Bàbá ì bá pè mí kí wọ́n bú mi, n kì bá tí bínú. Wọn ò pè mí. Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e. Ṣé irọ́ ni mo pa fún wọn tẹ́lẹ̀ ni? Mo ti sọ fún wọn tipẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ń kó oúnjẹ àti ohun mímu wọlé ni mo wà. Mo ní ọ̀rọ̀ náà máa tutù.

Jímọ̀ tèmi dé. Mo po kókó, ìyẹn ògì, mo din àkàrà tí wọ́n ń pè ní kòsé níbí, mo ra kẹ́ńkè, mo yan ẹja. Alááwẹ̀ lèmi náà. Mo fi ṣóńṣó ahọ́n kan omi ara ẹja, mo tu ú, mo yọnu. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ ni fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Àbúrò, má wulẹ̀ máa dúró de Bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà."

"Jímọ̀ ta ni? Ṣebí tèmi ni."

"Mo mọ̀. Àwọn ni wọ́n ní àwọn ò wá. Ṣe sùúrù, ìwọ náà mọ ohun tó fà á."

Mo mọ ohun tó fà á! Ta ló ń gbé páálí wáìnì ọ̀gá mi láti Tema wá sí Accra? Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo mú un mọ ọ̀gá mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé e. Nígbà tí mo bi í léèrè lọ́jọ́sí, ó ní ẹrù lòun ń gbé, òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwòrán èso àjàrà wà lára páálí kọ̀ọ̀kan gbàgàdà! Òun ló wá ń ní kí n ṣe sùúrù. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Mo kó ẹja sínú ìkòkò, mo bò ó, mo di kẹ́ńkè, mo dá táàsì dúró. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni ọ̀nà Kaneshie; inú táàsì ni ìrun ti bá mi, omi inú ọ̀rá ni mo fi ṣínu, ìkòkò gbígbóná lórí itan mi. Nígbà tí mo dé Nima, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ti lọ sí Tema lọ́jọ́ náà, kò sì tíì já ẹrù. Mo ká etí tapólì tó fi bo ẹrù sókè. Páálí ọ̀gá mi ni, Muscadet ọ̀hún gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ẹ̀gbọ́n mi ní láti fẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ yẹn kó tó lè kọjá. Bàbá mi ti kọjá lára rẹ̀ wọlé lọ ṣínu.

Mo sálámà, mo kúnlẹ̀, mo gbé ìkòkò sílẹ̀ níwájú ẹní wọn. "Bàbá, ẹ kú ìṣínu. Mo gbé oúnjẹ yín wá."

Wọn ò wo ìkòkò. "Gbé e padà. Mo ti jẹun."

"Kí ni mo ṣe, Bàbá?"

"Gbogbo Nima ló rí ọ, o wá ń bi mí."

"N kò gbé e mì. Mo tu ú dànù, bí Màámi ṣe máa ń tọ́ iyọ̀ wò nínú ààwẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sí ohun tó ṣe é."

"Ọbẹ̀ nìyẹn!" Wọ́n jágbe mọ́ mi. "Ọbẹ̀ kì í ṣe ọtí. Ègún wà lórí ẹni tó mu ún, ẹni tó bù ú fún èèyàn, ẹni tó tà á..."

"Ẹ parí rẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́ wa ní kéwú. Ẹ parí rẹ̀. Ẹni tó gbé e ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. Ó ní, "Àbúrò, ó tó. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni."

"Bọ̀dá, ẹ dákẹ́ ná. Bàbá, kí ló wà nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rò ó pé bí bàbá ò bá lè jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi mọ́, tí wọn ò jẹun lọ́dọ̀ mi, níbo ni wọ́n á ti jẹun? Arúgbó á máa dá ṣínu lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí kò bímọ. Ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàgbé ohun tí mo sọ.

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ó fi tapólì bò ó, kò sẹ́ni tó rí i. Ìwọ lo gbé tìẹ síta, o tún wé ìbòrí sí i."

Gbogbo àwíjàre tí mo kó ti Dansoman wá, ti òfin Ọlọ́run ni. N kò mọ̀ pé ojú ayé ni wọ́n ti ń dá mi lẹ́jọ́. Mo gbé ìkòkò mi, mo dìde. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ojú kì í tì, ní kí n kúkú fi ẹja sílẹ̀, pé àwọn á fi ṣe sààrì. Mo ní kó lọ fi páálí ṣe sààrì.

Mo bínú débi pé orí ń fọ́ mi fún odidi ọ̀sẹ̀. N kò lè tọ́ nǹkan kan wò níbi iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ń korò lẹ́nu mi. Kí Jímọ̀ tèmi tó tún yípo kàn mí, ẹ̀gbọ́n mi pè, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó bá mi ṣe oore. Ó ní òun ti bá Bàbá sọ̀rọ̀, pé wọ́n á wá. Ṣùgbọ́n kí n ti géètì o. Kí n fa kọ́tìnì. Kí n tètè gbé oúnjẹ sínú yàrá, torí ará mọ́ṣáláṣí wọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò mi, kò sì yẹ kó rí wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun lọ́dọ̀ mi.

Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, mo yan ẹja tó dára jù tí mo rí lọ́jà. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, mo gbé tábìlì mi, mo gbé e gba géètì jáde, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá títì. Mo tẹ́ aṣọ funfun lé e. Mo gbé àga méjì sí i, mo gbé kókó, kòsé, kẹ́ńkè àti ẹja sórí rẹ̀. Obìnrin tó ń ta kẹ́ńkè ní òdìkejì béèrè bóyá mo fẹ́ máa tajà ni. Mo ní bàbá mi ló ń bọ̀ wá jẹun.

Táàsì gbé wọn dé. Fìlà wọn funfun, agbádá wọn mọ́ tónítóní, wọ́n ti ọ̀pá bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wo tábìlì, wọ́n wo géètì, wọ́n wò mí.

"Kí lèyí?"

Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Oúnjẹ yín ni, Bàbá. Ẹ káàbọ̀, sà."

"Gbé e wọlé."

"Rárá, Bàbá. N kò jí ẹja. N kò ní bò ó."

"Mo ní gbé e wọlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jókòó."

Wọ́n wo òkè títì, wọ́n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ń kọjá, ó kí wọn, wọ́n dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, mo rí i. Òórùn ẹja yẹn ń dé ọ̀dọ̀ wọn, mo rí bí gògóńgò wọn ṣe lọ sókè sódò. Inú mi fẹ́ rọ̀. Tábìlì ò wúwo, àti gbé e wọlé kò lè gba ìṣẹ́jú kan. N kò gbé e.

Ni wọ́n bá pe ìrun. Bàbá mi tọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú dàbínù tiwọn jáde, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n sì fi ṣínu lórí ìdúró, ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí àga tí mo gbé kalẹ̀ fún wọn. Táàsì tó gbé wọn wá ò tíì yípo tán. Wọ́n na ọ̀pá sí i, ó dúró, wọ́n padà wọ inú rẹ̀. Wọn ò bú mi, wọn ò wo ẹ̀yìn.

Mo jókòó. Mo ṣínu. Mo jẹ ẹja náà lójú gbogbo èèyàn, mo sì ń sunkún, inú sì ń bí mi pé mò ń sunkún.

Ààwẹ̀ mìíràn ti ń sún mọ́lé báyìí. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ sí Tema, tapólì ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n ronú, pé Bàbá ò lágbára bíi ti ọdún tó kọjá mọ́, pé ọmọ tó bá fẹ́ràn bàbá rẹ̀ kò ní bá wọn fa irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Mo sì ti ronú. Ní Jímọ̀ tèmi, màá yan ẹja, màá gbé tábìlì síta. Bí wọ́n bá wá, ìta la ó ti jẹun. Bí wọn ò bá wá, ìta náà ni n ó ti jẹ ẹ́.